Orí Keje: Kí Ló Dé Tí Ohun Kékeré Fi Ń Tuni Lára Nígbà Tí Ayé Le?

Ní aago mọ́kànlá alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù kẹta ọdún 2020, ìjọba àpapọ̀ ilẹ̀ Nàìjíríà ti Èkó àti Àbújá pa. Ìpínlẹ̀ Ògùn tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Àrùn Kòrónà ló fà á. Láti ìparí oṣù kejì ni wọ́n ti rí i lára ará Ítálì kan tó gba Èkó wọlé, tó sì lọ síṣẹ́ ní Ewékorò. Nígbà tó di ọjọ́ 11 oṣù kẹta, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé àjàkálẹ̀ àrùn tó kárí ayé ni. Ọ̀pọ̀ ọjà tì, ilé ìwé tì, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sáláṣí tì, dánfó ò ná Ọ̀ṣòdì mọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n kọ́kọ́ pe kónílé-ó-gbélé náà. Nígbà tí wọ́n fi máa bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ okùn rẹ̀ ní ọjọ́ 4 oṣù karùn-ún, ó ti lé ní oṣù kan.

Láàárín oṣù kan yẹn, ohun kan ṣẹlẹ̀ tó yẹ ká wádìí. Ní àwọn ilé tí yàrá ti kojú síra, tí ìdílé mẹ́jọ ń lo ilé ìdáná kan, ọpọ́n ayò tó ti ń gba eruku lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ṣọkọ hù nínú ike ọ̀dà. Bàbá tó máa ń kúrò nílé ní ìdájí kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tó ká a mọ́ orí afárá wá ń bá ọmọ rẹ̀ jẹ ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín láàárọ̀, ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé ọmọ náà kì í fẹ́ ata. Lónìí, bí àwọn èèyàn bá ń rántí àkókò ọ̀hún, wọ́n á sọ̀rọ̀ ẹ̀rù, wọ́n á sọ̀rọ̀ ebi, wọ́n á dárúkọ àwọn tó kú. Lẹ́yìn náà ni ẹ ó gbọ́ tí ẹnì kan á ní: “Ṣùgbọ́n àkàrà tí a jọ ń dín nírọ̀lẹ́ yẹn, ó dùn gan-an o.”

Ìbéèrè orí yìí nìyẹn. Nígbà tí ikú ń jà nígboro, tí iṣẹ́ ń bọ́ lọ́wọ́ ẹni, tí ẹnikẹ́ni ò mọ bí ọ̀la ṣe máa rí, báwo ni àkàrà, orin, tàbí ewé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù ṣe ń rí àyè dùn mọ́ni? Àwọn kan ní ìgbàgbé ni, pé ẹni tó ń rẹ́rìn-ín lásìkò ìpọ́njú kò tíì mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe le tó. Èmi ò gbà, ẹ̀rí tó wà lọ́wọ́ àwọn onímọ̀ náà kò sì gbè wọ́n. Ayọ̀ kékeré ní iṣẹ́ tó ń ṣe nínú ara, ìgbà tí ara bá sì wà nínú ìbẹ̀rù ni iṣẹ́ náà máa ń hàn jù lọ. Ká tó lè rí iṣẹ́ ọ̀hún, ó di dandan ká kọ́kọ́ mọ ohun tí ìbẹ̀rù fúnra rẹ̀ ń ṣe.

Ìbẹ̀rù tí kò mọ ilé lọ

Ká ní ejò yọ sí yín lọ́nà oko. Ẹ ò ní jókòó gbèrò. Kókó kékeré kan wà nínú ọpọlọ, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti ta wá lólobó bí ewu bá dé. Ẹ jẹ́ ká máa pè é ní kókó ìdágìrì. Kí ojú tó wo ejò náà tán, kókó ìdágìrì ti ránṣẹ́. Iṣẹ́ náà á dé ọ̀dọ̀ ẹṣẹ́ méjì tó jókòó sórí kíndìnrín, àwọn ẹṣẹ́ náà á sì tú oje méjì sínú ẹ̀jẹ̀. Èkíní, tí wọ́n ń pè ní adirẹnalíìnì, kì í pẹ́ rárá kó tó dé: àyà á máa lù kìkì, èémí á yára, ẹ̀jẹ̀ á kúrò níkùn gba inú ẹsẹ̀ lọ, ẹnu á gbẹ. Èkejì, kọ́tísọ́ọ̀lù, ń gba ìṣẹ́jú mélòó kan kó tó kún, àmọ́ tó bá kún, ó máa ń pẹ́ nílẹ̀. Òun ló ń sọ fún ẹ̀dọ̀ pé kó máa tú ṣúgà sílẹ̀ kí ara lè rí agbára lò, òun náà ló sì ń dá iṣẹ́ tó bá ṣeé dá dúró dúró: oúnjẹ dídà, ara títún ṣe, àti apá kan nínú ìjà tí ara ń bá kòkòrò àrùn jà.

Fún ejò, ètò yìí dára gan-an. Kó tó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ ti sá tàbí ẹ ti pa á, gbogbo rẹ̀ á sì rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n Kòrónà kì í ṣe ejò. Ojú ò rí i. Ẹ̀rù rẹ̀ wà lára owó bébà, ó wà lára irin géètì, ó wà nínú ikọ́ ará ilé. Alaalẹ́ ni rédíò ń ka iye ẹni tó ti kó o. Ní oṣù kẹrin ọdún náà, ìròyìn pé àwọn adigunjalè ń bọ̀ tún gba Agége àti Ìyànà-Ìpájà kan títí wọ Sángo. Àwọn ọkùnrin ń jó táyà lójú títì, wọ́n ń fi igi àti àdá ṣọ́ àdúgbò mọ́jú. Kókó ìdágìrì ò mọ ìyàtọ̀ láàárín ejò tó wà níwájú ẹni àti ewu tí wọ́n ń kà lórí rédíò. Ṣe ló kàn ń ránṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ara tó bá wà nírú ipò yìí dà bí jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n tàn nígbà tí iná lọ, tí kò wá sí ẹni tó pa á. Jẹnẹrétọ̀ ò ṣe ibi. Òun ló gbà wá nígbà tí ilẹ̀ ṣú. Àmọ́ bó bá ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru, epo á tán, èéfín á kún ilé, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ á sì jó. Kọ́tísọ́ọ̀lù ní àkókò tirẹ̀: ọwọ́ ìdájí ló ń ga kó lè jí wa, òru ló ń wálẹ̀ jù lọ. Bí ìbẹ̀rù bá gbé e sókè lálẹ́, oorun á dá lójú. Ẹni tí kò sùn á máa kanra mọ́ ọmọ, ẹ̀jẹ̀ á máa ru, inú á dàrú. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún àkọ́kọ́ àjàkálẹ̀ náà, àìsàn àníyàn àti ìsoríkọ́ fi ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i káàkiri ayé.

Ta ló ń pa ẹ̀rọ náà?

Ara ní ohun tó fi ń pa á. Iṣan gígùn kan ti ìsàlẹ̀ ọpọlọ wá, ó gba ọrùn sọ̀ kalẹ̀, ó kan ọkàn, ó kan ẹ̀dọ̀fóró, ó rìn dé ìfun. Nítorí pé ibi tó ń dé pọ̀, a lè pè é ní iṣan arìnká. Nígbàkígbà tí a bá mí èémí jáde, iṣan arìnká máa ń sọ fún ọkàn pé kó rọra. Bí èémí tó ń jáde bá ṣe gùn tó ni ìrọra náà ṣe ń pẹ́ tó. Ẹni tó ń kọrin, ẹni tó ń ki oríkì ọmọ, ẹni tó ń gbàdúrà sókè lórí ẹní, gbogbo wọn ló ń mí jáde pẹ́ ju bí wọ́n ṣe ń mí sínú lọ.

Ìwádìí kan wà tí mo fẹ́ ká fara balẹ̀ wò. Barbara Fredrickson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ló ṣe é, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 2000. Wọ́n pe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì jọ, wọ́n so ẹ̀rọ tó ń ka bí ọkàn ṣe ń lù mọ́ wọn lára. Wọ́n wá sọ fún wọn pé ìṣẹ́jú kan péré ni wọ́n ní láti fi múra ọ̀rọ̀ tí wọ́n lè ní kí wọ́n sọ níwájú kámẹ́rà, àwọn ẹlòmíì á sì dá ọ̀rọ̀ náà lẹ́jọ́. Ẹ̀rù bà wọ́n. Ọkàn ń sáré, ọwọ́ tutù. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan náà, dípò kámẹ́rà, fíìmù kékeré ni wọ́n fi hàn wọ́n. Àwọn kan rí ìgbì òkun tó ń rọra wọ etíkun. Àwọn kan rí ọmọ ajá tó ń fi òdòdó ṣeré. Àwọn kan rí ọ̀pá tín-ínrín tó ń tò jọ sójú kọ̀ǹpútà, tí kò dùn tí kò korò. Àwọn tó kù rí ọmọdékùnrin tó ń sunkún bàbá rẹ̀ tó kú.

Ọkàn gbogbo wọn rọlẹ̀ nígbẹ̀yìn, àmọ́ kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn tó wo òkun àti ọmọ ajá ló tètè balẹ̀ jù. Àwọn tó wo ọmọ tó ń sunkún ló pẹ́ jù. Èyí tó wá ṣe pàtàkì jù lójú mi rèé: nígbà tí wọ́n fi fíìmù òkun àti ajá yẹn han àwọn tí ẹ̀rù ò bà, kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe nǹkan kan fún ọkàn wọn. Ibi tí ìdágìrì bá wà ni ayọ̀ kékeré ti ń rí iṣẹ́ ṣe. Ẹni tí ayé ń le mọ́ ló nílò rẹ̀ ju ẹni tí ara ti tù lọ.

Èéṣe tó fi jẹ́ ohun kékeré?

Ẹ lè ní, ó dára, ayọ̀ ń pa ìdágìrì. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí àkàrà lásán fi tó, nígbà tó jẹ́ pé ṣáájú ìgbà náà, òde àríyá ńlá pàápàá kì í tó àwọn ẹlòmíì?

Ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀bọ la ti rí ìdáhùn. Wolfram Schultz, ọmọ ilẹ̀ Jámánì tó ń ṣiṣẹ́ ní Fribourg nílẹ̀ Switzerland, ki wáyà tín-ínrín bọ ọpọlọ ọ̀bọ kó lè mọ ohun tí sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ń ṣe. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣọ́ ni àwọn tó ń tú oje kan tó ń jẹ́ dópámíìnì. Ó kán omi èso sí ọ̀bọ lẹ́nu láìròtẹ́lẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì náà sì ta kìjí. Lẹ́yìn náà, ó wá ń tan iná kékeré kó tó kán omi èso ọ̀hún. Kò pẹ́ tí ọ̀bọ fi mọ̀ pé bí iná bá ti tàn, omi èso ń bọ̀. Látìgbà náà lọ, orí iná ni sẹ́ẹ̀lì ti ń ta kìjí. Bí omi èso bá dé, wọn kì í mira, bẹ́ẹ̀ sì rèé, bó ṣe dùn tẹ́lẹ̀ ló ṣì dùn. Bí iná bá wá tàn tí omi èso ò dé, àwọn sẹ́ẹ̀lì náà á dákẹ́ ju bí wọ́n ṣe máa ń wà nígbà tí ohunkóhun ò ṣẹlẹ̀. Ní ọdún 1997, Schultz, Peter Dayan àti Read Montague jọ kọ àlàyé tó jẹ́ kí gbogbo èyí yéni.

Àlàyé náà ni pé kì í ṣe bí nǹkan ṣe dùn tó ni àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí ń wọ̀n. Àlàfo tó wà láàárín ohun tí a retí àti ohun tó bọ́ síni lọ́wọ́ ni wọ́n ń wọ̀n. Mo pè é ní ìyàtọ̀ ìretí. Bí ohun tó dé bá ju ìretí lọ, dópámíìnì á ṣàn; bó bá bá ìretí dọ́gba, kò sí ìròyìn; bó bá relẹ̀ sí ìretí, ìjákulẹ̀ ni. Kò sí ọmọ Nàìjíríà tí kò mọ èyí lára. Bí iná bá dé lójijì lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta òkùnkùn, gbogbo àdúgbò á ké “Ápù Nẹ́pà!”, ọmọdé á fò sókè, àgbà á rẹ́rìn-ín. Níbi tí iná kì í lọ, ta ló ń ké? Gílóòbù kan náà ló sì wà lókè àjà.

Ohun tí kónílé-ó-gbélé ṣe fún wa ni pé ó fa ìretí wálẹ̀. Nígbà tí òde àríyá ò sí, tí aṣọ ẹbí ò sí, tí ẹnikẹ́ni ò retí pé ọjọ́ òní máa dára, àkàrà gbígbóná rékọjá ìretí. Òdìkejì rẹ̀ wà nínú ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 1978. Philip Brickman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá èèyàn 22 tí wọ́n jẹ owó ńlá nínú tẹ́tẹ́ lọ́tìrì ìpínlẹ̀ Illinois, wọ́n bi wọ́n bí àwọn ohun ojoojúmọ́ ṣe ń dùn mọ́ wọn sí: oúnjẹ àárọ̀, ìtàkúrọ̀sọ pẹ̀lú ọ̀rẹ́, àwàdà tó pani lẹ́rìn-ín. Adùn tí wọ́n ń rí nínú wọn kò tó ti àwọn aládùúgbò wọn tí kò jẹ kọ́bọ̀. Owó ńlá ti gbé ìretí wọn sókè, ẹ̀kọ àárọ̀ kò sì lè nà dé ibẹ̀.

Èyí fi ìṣòro kan hàn, mi ò sì fẹ́ fi pa mọ́. Ohun tó bá ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́ ní àkókò kan náà máa ń mọ́ni lára. Ọpọlọ á kọ́ ọ, á máa retí rẹ̀, omi èso á di ohun tí kò sọ nǹkan kan mọ́. Ìdí nìyẹn tí ohun tó dùn ní ọ̀sẹ̀ kìíní kónílé-ó-gbélé fi ti sú àwọn kan ní ọ̀sẹ̀ kẹta. Ẹni tó ń ta ayò lónìí, tó pàlọ́ fún ọmọ lọ́la, tó wá lọ wo òṣùpá ní àgbàlá lọ́túnla, máa jèrè ju ẹni tó di ọ̀kan mú ṣinṣin lọ.

Nǹkan míì tún wà tó ń da ọ̀pọ̀ èèyàn rú. Kent Berridge ní Yunifásítì Michigan fi hàn pé ohun tó ń sún wa lépa nǹkan àti ohun tó ń jẹ́ kí nǹkan náà dùn kì í ṣe ọ̀kan nínú ọpọlọ. Eku tí wọ́n gba dópámíìnì kúrò lára rẹ̀ kì í rìn dé ìdí oúnjẹ mọ́. Bí wọn ò bá fi bọ́ ọ lẹ́nu, á kú sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Síbẹ̀, bí wọ́n bá kán omi ṣúgà sí i lórí ahọ́n, á lá ètè bí eku tó gbádùn. Adùn ṣì wà, ìyánhànhàn ló lọ. Ọ̀nà ìyánhànhàn fẹ̀ nínú ọpọlọ, dópámíìnì ló sì ń gbà á. Ibùdó adùn kéré, kò pọ̀, ó sì ń lo oje tí ara fúnra rẹ̀ ń ṣe tó jọ oògùn apàrora mọfíìnì.

Ẹ wá ro ti ẹni tó mú fóònù lọ́wọ́ di aago méjì òru ní oṣù kẹrin ọdún 2020, tó ń fi àtàǹpàkò fa ìròyìn Kòrónà wálẹ̀, tó tún ń fà á. Kò dùn mọ́ ọn, ẹ̀rù tilẹ̀ ń bà á, àmọ́ kò lè gbé e sílẹ̀. Ìyánhànhàn ló ń wà á kiri, adùn ò sí níbẹ̀. Iye àsìkò tí a lò nídìí nǹkan kò lè sọ fún wa bóyá ó tu ara lára. Ìbéèrè tó yẹ ká bi ara wa ni bí ara ṣe rí nígbà tí a dìde nídìí rẹ̀. Kí adùn tó lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀, ó ní láti rí àkókò. Fred Bryant àti Joseph Veroff kọ odindi ìwé lórí èyí lọ́dún 2007: fífi ara balẹ̀ pọ́n adùn lá, kí ọkàn má ti fò lọ sí ibòmíì kí ẹnu tó gbé e mì.

Irun dídì àti ohùn ìyá

Nínú gbogbo ohun tí kónílé-ó-gbélé dá padà sílé, èyí tó wù mí jù ni irun dídì. Ṣọ́ọ̀bù onídìrí tì, àwọn ìyá tó ti pẹ́ tí wọ́n ń fi owó rán ọmọ lọ síbẹ̀ wá mú ìlarun fúnra wọn. Ìyá jókòó sórí àpótí, ọmọ jókòó sílẹ̀ láàárín orúnkún rẹ̀, orí tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìyá la irun, ó fi ìka pa òróró àgbọn sójú ìlà, ó bẹ̀rẹ̀ láti ìpàkọ́, ó ń dì í lọ sí àtàrí kó lè di ṣùkú. Ọmọ á kọ́kọ́ máa yíra padà. Tó bá tó ìdajì orí, ìpéǹpéjú rẹ̀ á wúwo.

Awọ ara tó ń hu irun ní iṣan ìmọ̀lára méjì tó ń jíṣẹ́ ìfọwọ́kàn. Ọ̀kan nípọn, ó sì yára. Òun ló ń sọ fún wa pé eṣinṣin bà lé wa. Ìkejì tín-ínrín, ó ń fà. Iṣẹ́ tó ń jẹ́ kì í rìn ju nǹkan bíi mítà kan lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìyẹn kò lè ta wá lólobó ewu. Ìfọwọ́kàn jẹ́jẹ́ ló mọ̀, bí ọwọ́ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bá ń rìn ní sẹ̀ǹtímítà kan sí mẹ́wàá láàárín ìṣẹ́jú àáyá. Håkan Olausson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Sweden ṣàyẹ̀wò obìnrin kan tí àìsàn ti ba àwọn iṣan tó yára jẹ́ lára rẹ̀, tí àwọn tó ń fà nìkan sì kù. Nígbà tí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì múlọ́múlọ́ ra á lápá, ó ní òun mọ nǹkan kan lára, ó rọra dùn. Nígbà tí wọ́n ya àwòrán ọpọlọ rẹ̀, ibi tí ọpọlọ ti ń mọ bí inú ara ṣe rí ló dáhùn. Ìwádìí náà jáde lọ́dún 2002. Ẹni tó bá ti wo ọmọ tó ń sùn lọ lábẹ́ ìlarun ti rí iṣẹ́ iṣan yìí pẹ̀lú ojú ara rẹ̀. Ní Kibera, ìlú Nairobi, wọ́n tilẹ̀ fi òwú kó irun àwọn ọmọbìnrin ní oṣù karùn-ún ọdún 2020, ó yọ ẹ̀gún bí àwòrán kòkòrò Kòrónà, wọ́n sì fi orúkọ àrùn náà pè é.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ò ní ẹni tó máa fọwọ́ kàn wọ́n. Mo ń ro ti àwọn ọmọ Yorùbá tó ń ṣe nọ́ọ̀sì àti olùtọ́jú arúgbó nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láti ọjọ́ 23 oṣù kẹta tí ìjọba ibẹ̀ ti sé wọn mọ́lé, ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ni wọ́n gbà kí èèyàn jáde lọ nara. Ẹlòmíì ń ti wọ́ọ̀dù bọ̀ sínú yàrá kan ṣoṣo. Fún irú wọn, ìwádìí kan wà láti Yunifásítì Wisconsin tó ṣeyebíye. Lọ́dún 2010, Leslie Seltzer àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní kí àwọn ọmọbìnrin kan sọ̀rọ̀ kí wọ́n sì ṣe ìṣirò níwájú àjèjì títí kọ́tísọ́ọ̀lù wọn fi ga. Wọ́n jẹ́ kí ìyá àwọn kan wá dì mọ́ wọn. Àwọn kan gbọ́ ohùn ìyá wọn lórí tẹlifóònù. Àwọn kan kàn wo fíìmù. Ohùn lórí tẹlifóònù fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe gbogbo ohun tí ìdìmọ́ra ṣe: kọ́tísọ́ọ̀lù wálẹ̀, oje ìfẹ́ tó ń so ìyá mọ́ ọmọ gòkè. Wọ́n tún un ṣe lọ́dún 2012 pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí wọ́n tẹ̀ ránṣẹ́ dípò ohùn, kò ṣe bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ lókè òkun, ẹ má ṣe tẹ “ẹ kú iṣẹ́” ránṣẹ́ nìkan. Ẹ pè é. Bí kò bá gbé e, ẹ fi ohùn yín sí WhatsApp, kí ẹ sì ki oríkì rẹ̀ sí i.

À ń sunkún, à ń ríran

Ní San Francisco ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, kí oògùn tó ń ká àrùn éèdì lọ́wọ́ kò tó dé, Susan Folkman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń tẹ̀ lé àwọn ọkùnrin tó ń tọ́jú olólùfẹ́ wọn tó ń kú lọ nílé. Ìnira ni ìwádìí náà dá lé lórí, ìnira nìkan ni ìbéèrè wọn náà sì dá lé. Kò pẹ́ tí àwọn olùtọ́jú náà fi fẹjọ́ sùn: kí ló dé tí ẹ ò bi wá léèrè ohun tó dára? Àwọn onímọ̀ yìí gba ọ̀rọ̀ náà, wọ́n fi ìbéèrè kan kún un, pé kí oníkálukú sọ ohun kan tó ṣe tàbí tó ṣẹlẹ̀ sí i tó jẹ́ kó lè la ọjọ́ náà já. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máà sí ẹni tí kò rí nǹkan sọ. Oúnjẹ tí wọ́n sè tó ta sánsán. Òdòdó tí wọ́n rí lójú ọ̀nà. Ọ̀rẹ́ tó yìn wọ́n.

Ìbànújẹ́ wọn kò dín kù nítorí èyí. Àwọn òṣùwọ̀n ìsoríkọ́ tí wọ́n fi wọ̀n wọ́n fi hàn pé ọkàn wọn gbọgbẹ́ gidigidi. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran, ni àwọn baba wa wí, ohun tí wọ́n bá ní San Francisco gan-an nìyẹn. Nínú ọpọlọ, ọ̀nà tí ìbànújẹ́ ń gbà àti ọ̀nà tí adùn ń gbà kì í ṣe ọ̀kan. Ọ̀kan ò ní láti kúrò nílé kí èkejì tó wọlé. Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 14.9 èèyàn ni àjàkálẹ̀ náà pa, ní tààrà tàbí ní ẹ̀yìn ọ̀nà, lọ́dún 2020 àti 2021. Opó tó sin ọkọ rẹ̀ pẹ̀lú èèyàn díẹ̀, láìsí èrò, tó wá rẹ́rìn-ín sí ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà, kò gbàgbé ọkọ rẹ̀. Ara rẹ̀ rí ìsinmi díẹ̀ kó lè tún ru ẹrù náà lọ́la ni.

Ayọ̀ kékeré tún ń ṣe iṣẹ́ kan fún ìrántí. Nígbà tí gbogbo ọjọ́ bá jọra, ọpọlọ kì í rí ibi tó máa gé ọ̀kan kúrò lára èkejì; ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń béèrè lásìkò yẹn pé ọjọ́ wo la wà gan-an. Àjíǹde bọ́ sí ọjọ́ 12 oṣù kẹrin, àwẹ̀ Ramadan bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 24. Ilé tó jí jẹ sààrì, tó retí ìṣínu, tó jọ kírun nínú pálọ̀, ní ọjọ́ tó ní orí àti ìdí.

Ibi tí agbára rẹ̀ mọ

Ayọ̀ kékeré kì í yó ikùn. Ẹni tó jẹ́ pé ohun tó bá tà lónìí ló máa jẹ lálẹ́, ebi ló kọ́kọ́ bá nígbà tí wọ́n ti ọjà pa, ìwà ìkà sì ni láti sọ fún un pé kó lọ wo òdòdó. Oúnjẹ, owó àti ìtọ́jú ni gbèsè tí ìjọba àti aládùúgbò jẹ ẹ́. Orí yìí kò san gbèsè náà.

Bákan náà, ìgbà kan wà tí ibùdó adùn máa ń ti ara rẹ̀ pa. Bí oúnjẹ tí ẹ fẹ́ràn ò bá dùn mọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, tí orin ò wọ̀ yín létí, tí oorun dàrú, tí ẹ ń rò pé ó sàn kí ẹ kú, àìsàn ìsoríkọ́ nìyẹn. Kò túmọ̀ sí pé ẹ jẹ́ abaramóorejẹ tàbí pé ìgbàgbọ́ yín kéré. Àìsàn ni, ó sì ní ìtọ́jú. Láti ọdún 1954 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lambo ti bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú irú rẹ̀ ní ilé ìwòsàn Àrò, l'Ábẹ́òkúta, tí àwọn aláìsàn ń gbé pẹ̀lú ará abúlé. Ilé ìwòsàn náà ṣì wà, ti Yaba náà ṣì wà. Ẹ lọ síbẹ̀, tàbí kí ẹ mú ẹni tó ń ṣe lọ.

Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde ní ọjọ́ 5 oṣù karùn-ún ọdún 2023 pé pàjáwìrì Kòrónà ti parí. Ìsémọ́lé kò parí nínú ilé tí ìyá ti ń tọ́jú ọmọ tó ní àrùn inú ẹ̀jẹ̀, tàbí níbi tí ọmọ ti ń tọ́jú bàbá tí apá kan rẹ̀ ti rọ. Ẹ máa mọ irú ilé bẹ́ẹ̀ ní àdúgbò yín. Bí ẹ bá ṣe ìbẹ̀wò síbẹ̀, ẹ gbé oúnjẹ dání, ẹ bá olùtọ́jú náà jókòó ti aláìsàn fún wákàtí kan kí ó lè rí oorun sùn. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti béèrè bí ara ṣe le tó, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún bi í léèrè ohun tó dùn mọ́ ọn lónìí, kí ẹ sì dúró gbọ́ èsì rẹ̀ tán.